Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ ìwé ìtàn ajínigbé fáwọn ọ̀dọ́: ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀dàlẹ̀ inú ilé

Ìbéèrè kan náà lẹ̀ ń bi mí ṣáá. "Mo fẹ́ kọ thriller, ìtàn tó ń gbọ́kàn ẹni sókè, fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn agbésùnmọ̀mí jí ọmọbìnrin kan gbé n'Íbàdàn, mo ti kọ orí mẹ́ta, mi ò wá mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà mọ́." Kẹ́ni tó bi mí tó fi èyí tó ti kọ ránṣẹ́ ni mo ti mọ ohun tí mo máa bá níbẹ̀: ìbọn ń dún lójú ewé kìíní, àwọn ọkùnrin tó faṣọ bojú bọ́ sílẹ̀ nínú Hilux, wọ́n wọ́ ọmọ wọgbó, ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ọmọ ń sunkún nínú igbó, ìyá ń sunkún nílé, òǹkọ̀wé alára ti ń wá ibi tó máa gbà sunkún.

Kì í ṣe ìbọn ló ń gbé irú ìwé yìí, ilé ni. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé, kò sẹ́ni tí ò mọ òwe yẹn nínú wa, ṣùgbọ́n tá a bá ti mú bírò báyìí inú igbó la máa ń sáré gbà lọ. Bí mo ṣe tò ó síbí ni kẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ lé e o. Ẹ má fo ìkìíní lọ sí ìkẹta, torí ibi tẹ́ ẹ bá fò yẹn gan-an ló máa dá yín dúró tẹ́ ẹ bá dé àárín ìwé.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́

- Ọdún tí ìtàn yín ṣẹlẹ̀. Mi ò ní "láìpẹ́ yìí", ọdún gan-an.
- Ọjọ́ orí ẹni tó máa kà á. Ohun tọ́mọ ọdún 12 lè gbé yàtọ̀ pátápátá sí tẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì.
- Ìwé kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìtàn yìí nìkan lẹ máa kọ sínú ẹ̀.
- Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kan tó máa ń sọ̀rọ̀ sójú ẹni, tó bá sú u á sọ pé ó sú òun.
- Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lórí fóònù yín. Ẹni tó bá ní òun á fàmì sí i tóun bá kọ ọ́ tán, kò ní fi sí i, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ọ̀dàlẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó wá ajínigbé

Kí wọ́n tó lè mú ọmọ, ẹnì kan ti ní láti sọ fún wọn pé aago báyìí ló máa jáde, ọkọ̀ báyìí ló máa wọ̀, ọ̀nà báyìí ni wọ́n máa gbà. Ẹni yẹn lẹ máa kọ́kọ́ kọ. Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí nípa ẹ̀ sínú ìwé yín, ẹ má fi èyíkéyìí sílẹ̀:

1. Kí ló jẹ́ sí ọmọ náà? Kó sún mọ́ ọn débi pé ọmọ lè sùn sílé ẹ̀ kí ìyá má béèrè.
2. Oore wo ló ti ṣe fọ́mọ yẹn rí? Oore gidi ni mò ń sọ o, kì í ṣe ojú ayé.
3. Kí ló ń lé e: gbèsè, ìbínú, àbí ẹ̀rù?
4. Kí làwọn tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ sọ fún un pé ó máa ṣẹlẹ̀?
5. Kí ni nǹkan kan ṣoṣo tó fún wọn?
6. Ìgbà wo ló fẹ́ yíwọ́ padà, kí ni ò jẹ́ kó lè ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, òun náà la máa lò débi tá a máa parí sí. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún 16, ìpele SS2 ló wà, Bódìjà ni wọ́n ń gbé, ìyá ẹ̀ ń taṣọ ní Gbági Tuntun, ó ní ikọ́ fée láti kékeré. Àbúrò bàbá ẹ̀, Bọ̀dá Gbóyè, ló máa ń gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́sípítù lóru nígbà tó wà lọ́mọdé, òun náà ló san owó WAEC fún ẹ̀gbọ́n Mọ́rẹ́nikẹ́ nígbà tọ́wọ́ bàbá wọn ò dáa. Ní báyìí Bọ̀dá Gbóyè ti jẹ gbèsè lóòànù orí fóònù, ó ti fi owó àjọ àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn kan wá bá a pé kó báwọn wádìí ọjọ́ àti aago tí bọ́ọ̀sì iléèwé kan máa gbéra lọ ẹ̀skọ́ṣàn, torí ọmọ olóṣèlú kan wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ọmọ yẹn nìkan ni wọ́n fẹ́, wọn ò ní fọwọ́ kan àwọn yòókù. Ó wádìí ẹ̀ fún wọn. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló tó mọ̀ pé Mọ́rẹ́nikẹ́ náà ń lọ.

Ṣẹ́ ẹ rí i? Kò ta ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló tà, ti ilé ẹ̀ wá bá a lọ. Ìyẹn wúwo ju ká ní ó kórìíra ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lásán lọ. Ó délé wọn kùtùkùtù, ó ní ṣé Mọ́rẹ́nikẹ́ ń mí dáadáa ṣá, pé òun ò fẹ́ràn bí àyà ẹ̀ ṣe ń dún, ẹ jẹ́ kó dúró sílé jàre. Ìyá ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní owó tí wọ́n ti san, kí ló dé, ṣé inú rẹ ò dùn pé ọmọ fẹ́ ríran ni. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, kò sì lè sọ ìdí tó fi ń bẹ̀bẹ̀. Ló bá sáré lọ sí ilé oògùn ìta wọn, ó ra inhaler tuntun, oògùn tí oníkọ́ fée máa ń fà sẹ́nu, ó tì í bọ àpò ẹ̀yìn báàgì ọmọ náà láìsọ fẹ́nì kankan.

Inhaler yẹn ni gbogbo ìwé náà o. Tí òǹkàwé bá kọ́kọ́ rí i, á ní bọ̀dá yìí mà fẹ́ràn ọmọ yìí o. Nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá wá ń wá nǹkan nínú báàgì ẹ̀ nínú igbó lọ́jọ́ kẹta, tọ́wọ́ ẹ̀ ba páálí tí wọn ò tíì já, á bi ara ẹ̀ pé ta ló mọ̀ pé inhaler kan ò ní tó mi. Nǹkan kan náà jẹ́ ìfẹ́, ó tún jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ìtàn tiyín, kó ṣeé fọwọ́ mú, kó kéré.

*Ẹ ṣọ́ra níbí:*

- Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ máígàádì, dírẹ́bà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń fura sí, àwọn náà ni wọ́n máa ń nà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá lórí ohun tí wọn ò mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ lò wọ́n fún ìfura òfo tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ìtìjú ìfura yẹn hàn lójú àwọn tó fura.
- Ìyàwó bàbá ńkọ́? Ó ti sú wa. Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀ kó sinmi.
- Ẹ má fi ẹ̀yà kan tàbí ẹ̀sìn kan ṣe ọ̀daràn. Tó bá jẹ́ pé èdè àjèjì lẹni burúkú inú ìtàn yín ń sọ ṣáá, ẹ ò tíì kọ nǹkan kan, ẹ kàn kọ òfófó ẹ̀yìn ilé sílẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pinnu irú àwọn tó mú wọn

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń da nǹkan pọ̀. Ajínigbé olówó àti agbésùnmọ̀mí kì í ṣe ọ̀kan náà, ohun tí wọ́n ń wá ò pa pọ̀. Ajínigbé olówó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà láàárín òun àti ẹbí, kówó yá, kó lọ. Agbésùnmọ̀mí fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́, ó lè ya fídíò, ó lè ní kí ìjọba tú àwọn èèyàn òun sílẹ̀, ó sì lè mú èèyàn mọ́lẹ̀ fún oṣù gbọọrọ. Àwọn tí wọ́n kó nínú ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní 28 oṣù kẹta 2022, oṣù kẹwàá ọdún yẹn lẹni tó kẹ́yìn nínú wọn tó dé. Àwọn ọmọbìnrin Chibok, 276 ni wọ́n kó ní 14 oṣù kẹrin 2014, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wálé fún ọdún mẹ́ta, àwọn kan ò tíì dé di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní Ọ̀wọ̀, 5 oṣù kẹfà 2022, wọn ò tiẹ̀ mú ẹnikẹ́ni lọ, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pa àwọn èèyàn. Ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ọbẹ̀ kan, òǹkàwé ò ní mọ ohun tó yẹ kó máa bẹ̀rù.

Ọ̀nà mẹ́ta lẹ lè gbà:

1. Olówó pọ́ńbélé. Ó rọrùn jù láti kọ, ọjọ́ díẹ̀ ló ń gbà, ó bá ìwé kékeré mu.
2. Agbésùnmọ̀mí gidi. Ó gba ìwádìí púpọ̀, ó gba oṣù, ìyípadà tó ń bá ọmọ nínú àhámọ́ ló sì máa gba ìwé náà kan. Ẹ má kọ ìwàásù sí wọn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí èèyàn, nípa bàtà, nípa oúnjẹ, nípa ọ̀gá wọn tí wọ́n ń bẹ̀rù.
3. Olówó tó ń díbọ́n bí agbésùnmọ̀mí. Èmi ò kọ̀ kẹ́ ẹ mú èyí o. Wọ́n gbé àsíá kan kọ́ sẹ́yìn nínú fídíò kẹ́rù lè ba ẹbí, kówó lè tètè jáde. Lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n ń fi orúkọ wọn díbọ́n wá gbọ́. Ìwé yín ti di méjì nìyẹn láìrò tẹ́lẹ̀.

Tí ẹbí inú ìtàn yín bá jẹ́ ará Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ wà nínú ilé kan, kí ìyá àgbà máa jẹ́ Àlàájà kí ọmọ ẹ̀ máa jẹ́ díákónì. Ẹ lo ìyẹn. Á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó máa ń ba irú ìwé yìí jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà náà

Ọmọ Ìbàdàn ló máa ka ìwé yín, tẹ́ ẹ bá ní èèyàn fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn láti Ìwó Road dé Challenge láago méje àárọ̀ Monday, á ti ìwé náà pa. Ẹ wọ Micra, ẹ wọ kọ́rópẹ́, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí. Nínú àpẹẹrẹ wa, dáàmù Ìkéré Gorge tó wà lórí odò Ògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni bọ́ọ̀sì ń lọ, torí náà Sángo, Òjòó, Mọ́níyà ló máa gbà kó tó bọ́ sọ́nà Ìsẹ́yìn. Ibi tí ilé ti ń tán lápá Mọ́níyà, tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo apá ọ̀tún àti apá òsì. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ o, ẹ mú èèyàn dání, ẹ sọ fún ará ilé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ìwé ò tó ohun tá a máa fi ẹ̀mí ṣeré sí.

Ibùba wọn ńkọ́? Ẹ hùmọ̀ orúkọ abúlé kan fún un. Igbó Sókà n'Íbàdàn, ibùba àwọn ajínigbé tí àṣírí ẹ̀ tú ní 2014, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó pàdánù èèyàn wọn níbẹ̀ ṣì wà láàárín ìlú, ẹ má fi ibojì wọn ṣeré.

Ọdún tẹ́ ẹ mú ló máa sọ ohun tó lè wà nínú ìtàn àti ohun tí ò lè sí níbẹ̀. Ẹ yẹ èyí wò:

- Àmọ̀tẹ́kùn: 9 oṣù kìíní 2020 ni wọ́n ṣí i n'Íbàdàn. Ìtàn 2018 ò gbọ́dọ̀ ní in.
- Síìmù àti NIN: ìparí 2020 ni wọ́n pàṣẹ pé ká so ó pọ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ajínigbé tó ń fi síìmù orúkọ ara ẹ̀ pe ìyá ọmọ, òpè ni.
- Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ibùdókọ̀ ẹ̀ wà ní Mọ́níyà: oṣù kẹfà 2021 ni ìjọba ṣí i.
- Ọ̀wọ́n owó tuntun: ìbẹ̀rẹ̀ 2023.

Àṣìṣe tó wà níbí ò le rárá láti yẹra fún, ó kàn gba kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ya ìwé aago, apá kan ilé, apá kan igbó

Ẹ fa ìlà sáàárín ìwé. Lápá òsì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, lápá ọ̀tún, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó, wákàtí sí wákàtí fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọjọ́ sí ọjọ́. Tẹ́ ẹ ò bá ṣe é, ẹ máa rí i pé ọjọ́ kẹrin nílé ti di ọjọ́ kẹfà nínú igbó.

Ìpè àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kọ jù. Ẹ má jẹ́ kó tètè dé. Ìdúró yẹn gan-an ló ń pa èèyàn. Àwọn òbí ti pé sílé kan, gbogbo fóònù wà lórí tábìlì, wọ́n ti pe 112, wọ́n ti pe 615 tìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹnì kan ń gbàdúrà nínú yàrá, ẹnì kan ń wá ṣájà. Nǹkan bí èyí:

"Màdáàmù, ìwọ ni ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́?"
"Èmi ni, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n gbóhùn ọmọ mi."
"Ẹ lọ wá mílíọ̀nù lọ́nà ogún. Tẹ́ ẹ bá pe ọlọ́pàá, a máa mọ̀."
Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n. Bọ̀dá Gbóyè na ọwọ́ tiẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ kó fóònù wá. Ẹ jẹ́ n bá wọn sọ̀rọ̀."

Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn. Gbogbo ẹbí ló máa ń wá ẹnì kan tí ara ẹ̀ balẹ̀ kó bá wọn dúnàádúrà, èyí tí ara ẹ̀ balẹ̀ jù níbí ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti ìgbà yẹn lọ, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀ láàárín wọn, òun ló ń sọ pé wọ́n ti gbà láti já a sí mílíọ̀nù mẹ́wàá, òun ló ní òun á gbé owó lọ. Òǹkàwé á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ má fi owó ṣe afẹ́fẹ́. Mílíọ̀nù mẹ́wàá, tó bá jẹ́ náírà ẹgbẹ̀rún kan kan, bébà 10,000 ni, ìdì 100 tí bébà ọgọ́rùn-ún wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Kò lè wọ àpò ṣòkòtò, àpò Ghana-must-go ló máa gbé e, ẹni tó gbé e á rìn bí ẹni tó gbé ẹrù. Tó bá sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni ìtàn yín, ₦500,000 ni ìwọ̀n tí báńkì àpapọ̀ fi sí owó tí ẹnì kan lè gbà lọ́sẹ̀, owó tuntun ò tún sí nílẹ̀. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí mílíọ̀nù mẹ́wàá? Ìyá máa lọ bá àwọn oníṣọ̀ọ́bù ní Gbági lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá máa ta ọkọ̀ ní àtàpadánù, ìyá àgbà á yọ ohun tó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ ẹ̀. Orí méjì gbáko nìyẹn, kò sì sí ìbọn kankan níbẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé 2022 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbá òfin tó ní kẹ́ni tó bá san owó ìtúsílẹ̀ lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 15, bàbá tó ń bẹ̀rù òfin lè bá ìyá tí ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan jà nílé oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fún ọmọ inú àhámọ́ níṣẹ́ ṣe

Ọmọ ọdún 16 ò lè gba AK-47 lọ́wọ́ géńdé, ẹ má purọ́ fún wa. Ohun tó lè ṣe ni kó gbọ́, kó kà, kó rántí. Mọ́rẹ́nikẹ́ gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, ó tún gbọ́ ọ lálẹ́, ó mọ̀ pé wọn ò tíì jìnnà sí Mọ́níyà bí wọ́n ṣe ń parọ́ fún wọn. Inhaler tó wọ́pọ̀ máa ń ní ìfà 200 nínú, ó ń ka ti èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ìyẹn náà ti di aago fún òǹkàwé.

Ẹ tò ó báyìí fún orí kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú igbó:

1. Kí ló fẹ́ lórí yìí? (Omi, okùn tí wọ́n fi so ó kó rọ̀ díẹ̀, kó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.)
2. Kí ló ṣe sí i?
3. Kí ló ná an?
4. Kí ló ti mọ̀ ní báyìí tí ò mọ̀ lórí tó ṣáájú?

Tí ìdáhùn ìkẹrin bá jẹ́ "kò sí", ẹ yọ orí yẹn kúrò.

Àwọn tí wọ́n jọ mú, ẹ má sọ gbogbo wọn di ẹni mímọ́. Ẹnì kan máa fi ẹlòmíì sùn kó lè rí búrẹ́dì gbà. Ọmọ olóṣèlú yẹn lè jẹ́ onígbèéraga tẹ́lẹ̀ kó wá jẹ́ òun ló ń fi aṣọ ẹ̀ bo àwọn kékeré lóru. Ọmọdékùnrin tó ń ṣọ́ wọn náà lè jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, tó ń béèrè àbájáde bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọmọ tí wọ́n so lókùn ò lè ṣe ọ̀rẹ́kùnrin ṣọ̀rẹ́bìnrin pẹ̀lú ẹni tó mú okùn dání.

Àdúrà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ìyá gbà á, kó gbà á dọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, èmi ò ní kó má gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣí ilẹ̀kùn, kó jẹ́ ohun tọ́mọ yẹn ti ṣe lórí mẹ́rin ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fọ́n àmì ọ̀dàlẹ̀ sílẹ̀

Mẹ́ta tó. Ọ̀kan nínú oore tó ṣe (inhaler), ọ̀kan nínú owó (àwọn tó jẹ ní gbèsè ti ń dààmú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí wọ́n jí àwọn ọmọ gbé, ẹnikẹ́ni ò dààmú ẹ̀ mọ́), ọ̀kan lẹ́nu ẹ̀. Ti ẹnu ló dùn ún kọ jù. Kó sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀sì náà bí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n dá a dúró, nígbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tíì sọ ibẹ̀ nílé. Ẹ kọ ọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ tó gbóná, kẹ́nì kan máa sunkún lọ́wọ́, kí ojú òǹkàwé má baà dúró síbẹ̀.

Ìgbà wo ni kí òǹkàwé mọ̀? Ọ̀nà méjì ni. Ẹ lè fi pa mọ́ títí ìwé á fi lọ síbi ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ sì lè jẹ́ kó ti mọ̀ látorí kejì, kó wá máa wo gbogbo ẹbí bí wọ́n ṣe ń fún Bọ̀dá Gbóyè ní ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀ torí wàhálà tó ń ṣe fún wọn. Tó bá jẹ́ ìwé àkọ́kọ́ yín ni, ìkejì ni kẹ́ ẹ mú, ó ṣòro kó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ tí àṣírí tú nílé

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré níbí, ọlọ́pàá dé, wọ́n kó o, ó parí. Ṣé bó ṣe ń rí nílé wa nìyẹn? Ọ̀rọ̀ ti di tẹbí. Ìyá àgbà wà láàyè, ọmọ ẹ̀ ni méjèèjì, èyí tí wọ́n jí ọmọ ẹ̀ gbé àti èyí tó júwe ọ̀nà. Ẹnì kan á ní ẹ má jẹ́ kí aráyé gbọ́. Ẹnì kan á ní àwọn òbí yòókù ńkọ́, àwọn tí ọmọ tiwọn ò tíì dé? Ìyàwó Bọ̀dá Gbóyè wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyún, kò mọ nǹkan kan. Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́ ò lè wo ojú àbúrò ẹ̀, kò sì lè gbé fóònù pe ọlọ́pàá, ó kàn jókòó síbi tó jókòó sí.

Ta ló máa wá sọ ọ́ sójú ẹ̀? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́. Ó ti padà dé, ó rù, ó gbé inhaler yẹn lé orí tábìlì níwájú gbogbo wọn.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ fi sínú báàgì mi."
Kò dáhùn.
"Ẹ mọ̀ pé mi ò ní délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn."
Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ìyá àgbà figbe ta.

Ẹ kíyè sí i pé kò bú u, kò fi "ìwọ" pè é, ọ̀wọ̀ tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti kékeré ló ṣì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ gígùn sí i lẹ́nu. Ẹ má sì jẹ́ kó dárí jì í lójú ewé yẹn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú igbó ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìdáríjì.

Ohun tí ò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé yín

- Bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́ǹbù, tàbí bí ajínigbé ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń tọpa fóònù. Ẹ sọ pé wọ́n ṣe é, ẹ má sọ bí wọ́n ṣe ṣe é.
- Orúkọ ẹni tí wọ́n jí gbé lóòótọ́, tàbí ìtàn ẹ̀ tẹ́ ẹ kàn yí orúkọ padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ẹni tó ti kàgbákò ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ tọrọ àyè, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè dákẹ́ nígbàkigbà, ẹ sì jẹ́ kó ka ibi tó bá kàn án.
- Ìfipábánilòpọ̀ tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró síta, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ á hàn lára ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn àṣìṣe tí mò ń rí lemọ́lemọ́

Sójà tó já wọlé lórí tó kẹ́yìn tó gba gbogbo èèyàn là, tá ò tíì rí rí látìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Fóònù tí bátìrì ẹ̀ ò kú fún ọjọ́ márùn-ún. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ àgbà. Àwọn ajínigbé tó ń rẹ́rìn-ín "hahaha" ní gbogbo ìgbà, kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an? Orí mẹ́ta tí ò sí ẹnikẹ́ni tó jẹun níbẹ̀. Òjò tí ò rọ̀ nínú igbó láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án.

Tí ọ̀nà yìí ò bá bá yín lára mu

Ẹ lè kọ ọ́ látojú àbúrò tó wà nílé, kẹ́ ẹ má wọ inú igbó rárá, kó jẹ́ fóònù nìkan la fi ń gbọ́ ibẹ̀. Ẹ lè pín in sí ọ̀nà kéékèèké lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ 600 sí 800 lójúmọ́, kó máa parí síbi tó há sí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kẹ́nì kan bá mi kọ ni ti ọmọ ọ̀dàlẹ̀ náà. Ọmọ Bọ̀dá Gbóyè, ọmọ ọdún 15, òun àti Mọ́rẹ́nikẹ́ jọ dàgbà ni, wọ́n jọ ń jà lórí rìmóòtù. Òun ló rí fóònù kejì tí bàbá ẹ̀ fi pa mọ́ sínú ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́. Òun ló mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Tó bá sọ, bàbá ẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, ìyá ẹ̀ tó lóyún á kúrò nílé, orúkọ wọn á bàjẹ́ ní gbogbo àdúgbò. Tí ò bá sọ, Mọ́rẹ́nikẹ́ ń fa ìfà tó kù nínú inhaler. Ẹ ò nílò igbó níbẹ̀, ẹ ò nílò ìbọn, yàrá kan àti ọmọ kan tí ò lè sùn ti tó fún ìdajì ìwé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò

1. Ẹ tẹ orí márùn-ún àkọ́kọ́ jáde, ẹ fún ọmọ SS1 tàbí SS2 mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ má fún àbúrò yín tó ń bẹ̀rù yín.
2. Ẹ má béèrè pé "ṣó dáa?" Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n fura sí, ta ni wọ́n fẹ́ràn jù, ibo ni wọ́n ti gbé e sílẹ̀ lọ wo fóònù.
3. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ti mú Bọ̀dá Gbóyè tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi í pa mọ́, ẹ yọ àmì kan kúrò. Tó bá jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rántí orúkọ ẹ̀, ẹ padà lọ kọ oore tó ṣe, ẹ jẹ́ ká rí i níbi tó ti gbé ọmọ náà sẹ́yìn lọ sọ́sípítù lóru, kó tó ṣe nǹkan mìíì.
4. Ibi tí ẹni méjì bá ti lọ wo fóònù, ẹ gé e.
5. Ẹ tún un kọ, kẹ́ ẹ fún ọmọ mẹ́rin mìíì tí ò tíì kà á rí. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti mọ ẹni tó ṣe é, wọn ò wúlò fún ìdánwò yìí mọ́, àfi kẹ́ ẹ ra gààrí fún wọn kẹ́ ẹ ní ẹ ṣeun.